Ta Ni Yóò Tutù?

Nílé tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó ń bi "ó" bóyá akọ ni tàbí abo. Ó jẹun, ó sùn, ó bínú jáde: ìbáà ṣe bàbá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo wọn. Àfi ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé. Mo dìde ní kíláàsì, mo ní, "My mother, he is a trader." Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì, olùkọ́ sì nà mí ní ẹgba méjì. Lọ́jọ́ kejì mo ṣọ́ra gidi, mo pe bàbá mi ní "she".

Mo rò pé ó ti tán nílẹ̀ kí iléeṣẹ́ kan l'Ékòó tó gbà mí síṣẹ́ láti máa kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ ìlọta, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, "he" ni gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi yọ gíláàsì ojú wọn. "Ìyá tó ń lọta fún mi ní Mushin ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n di ọkùnrin?"

Mo ṣe bí lọ́yà. Mo ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní 1850 ti sọ pé nínú òfin, ọ̀rọ̀ tó bá tọ́ka sí ọkùnrin kó obìnrin mọ́ra.

"Ṣé 1850 la wà ni?"

Mo bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé níbikíbi tó bá ti rí "he", kó sọ ọ́ di "she". Kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbọ́ràn tó kọ̀ǹpútà. "The" di "tshe", "when" di "wshen", "wheel" di "wsheel". A ti tẹ ọgọ́rin ẹ̀dà kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Mo sá lọ bá "he/she" àti "his/her". Àṣẹ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wá gùn débi pé "off" kò ríbi dúró sí lẹ́yìn "switch".

Ẹnìkan ní kí n lo "they". Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, APA, fọwọ́ sí i fún ẹni kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà ìkọ̀wé wọn ní 2019. Lọ́dún náà ni Merriam-Webster fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Inú mi dùn. Àṣé "wọ́n" tí à ń lò fún ìyá ìyàwó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ sí! Ṣùgbọ́n oníbàárà àti ẹni tó ń lọta ni mo kó sínú gbólóhùn kan kí n tó kọ ọ́ pé "they should stop the machine". Nígbà tí a dán an wò, àwọn méjèèjì na ọwọ́.

Ní ti Yorùbá, mo sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, èdè tiwa kì í bèèrè akọ tàbí abo. Mo kọ ọ́ báyìí: "Bí ẹ̀rọ bá gbóná, kí ẹni tó ń lò ó pa á, kí ó jókòó, kí ó tutù, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

A gbé e lọ fún ìyá Mushin. Wọ́n kà á sókè, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jókòó. Wọ́n fi ìborùn fẹ́ atẹ́gùn sára, wọ́n ra píọ́ wọ́tà méjì tó tutù, wọ́n mu ún. Wọ́n dìde, wọ́n tan ẹ̀rọ. Èéfín bo gbogbo ìsọ̀.

"Èmi tutù o," wọ́n ní. "Ẹ̀rọ yín ni kò tutù."

"Ó" tí kì í bèèrè akọ tàbí abo, kì í bèèrè ènìyàn tàbí irin náà. Ìyẹn ni mi ò rò.

Mo yọ gbogbo "ó" kúrò. Mo kọ "Pa ẹ̀rọ. Jókòó. Dúró títí ẹ̀rọ yóò fi tutù." Ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é, "you" ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti ń jìyà, kì í sì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo padà sí Mushin tayọ̀tayọ̀.

Ìyá wo ìwé, wọ́n wò mí. "Ta lò ń sọ pé kó jókòó? Èmi tí mo bí ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ "Ẹ" síwájú "pa", síwájú "jókòó", síwájú "dúró". Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba owó píọ́ wọ́tà méjì ìjelòó.