Ẹ Bi Mẹkáníìkì Yín Léèrè

Bí ẹ bá fẹ́ wo ìtìjú lọ́fẹ̀ẹ́ ní Zaria, ẹ lọ dúró sí Kwangila láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ ó rí irú wa níbẹ̀, àwa ọlọ́kọ̀ àlòkù: aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́, mọ́tò kọ̀, kò sítáàtì. Ẹnìkan á ké pé “Ku tura!”, tọmọdé tàgbà á da èjìká bo Camry ọlọ́tọ́máàtíkì. Òfo ni gbogbo rẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, bí gíà rẹ̀ bá jẹ́ àfọwọ́yí, táyà lè yí ẹ́ńjìnnì títí á fi jí. Ní ti ọtọ́máàtíkì, òróró ló ń di gíà mú, pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló sì ń ti òróró náà. Ẹ́ńjìnnì kú, agbára òróró tán, gíà ò di nǹkan kan mú. Bí wọ́n tì í dé Kano, kò ní jí. Síbẹ̀ ọlọ́kọ̀ á jókòó sídìí sítíárìn, á máa ní “Ó kù díẹ̀!”, títí èémí á fi tán nínú àwọn aláàánú rẹ̀.

Irú àìmọ̀ yìí kan náà la ń gbé dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyàn tí mò ń jà ni pé ọkọ̀ tí kì í tètè sítáàtì láàárọ̀, tó tún ń mu epo lójoojúmọ́, àìsàn kan ló sábà ń ṣe é: kò mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú omi ẹ́ńjìnnì tó ń jíṣẹ́ ìgbóná fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Epo kì í tètè di ooru nínú òtútù, nítorí náà brain box máa ń bù ú kún nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á sì dín in kù bó bá ti ń gbóná. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wá purọ́ pé ara ti gbóná nínú ọyẹ́, epo ò ní tó, iná ò ní ràn. Bó bá ní òtútù ń mú un lẹ́yìn tó ti gbóná tán, epo á máa ya wọlé, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Púlọ́ọ̀gì yìí la sì ń kọ́kọ́ rà! A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹ lè ní bátìrì ńkọ́? Bí ó bá ti rẹ bátìrì, sítátà á máa kérora. Bí ó bá ń yí geere tí ẹ́ńjìnnì ò gbà, ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Òun kọ́ ló ń mu epo. Mítà rewáyà lè dán sẹ́ńsọ̀ wò láìpẹ́: nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ohun tí mítà máa ń kà máa ń tó 2,000 sí 3,000 ohm ní ìwọ̀n ooru 20°C, á sì já sí nǹkan bí 300 ní 80°C.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń yọ thermostat, fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọnù, tí wọ́n ní oòrùn Àríwá ti tó. Nǹkan bí 82°C ni thermostat ń ṣí; oòrùn Zaria, kódà ní oṣù Kẹrin, kò tó ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi ò ní dúró gbóná, brain box á sì máa bu epo kún un, kò jẹ̀bi. Wọ́n á ní bí àwọn bá dá a padà, ọkọ̀ á hó. A jẹ́ pé ìpẹtà ti dí rédíétọ̀ tàbí fáànù ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ni kí wọ́n tún ṣe.

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó ti di 617 ní Abuja. Nítorí náà, ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó wọn sẹ́ńsọ̀. Kí ẹ sì bi mẹkáníìkì yín léèrè: thermostat mi dà?