Ọnọ́rébù Rárá

Ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà Ilé Aṣòfin l'Ábùjá, níbi tí àwọn oníròyìn bá ti gbé máíkì dúró. Ẹgbẹ́ alátakò ló wà. Àbá òfin tí kò tíì ṣí ojú ewé rẹ̀ wò, ó ti kọ̀ ọ́. "Rárá! Nítorí mẹ̀kúnnù ni!" ni yóò máa pariwo, tí yóò sì máa ká apá agbádá sórí èjìká.

Àtakò kọ́ ló burú. Aṣòfin tó bá dá àbá burúkú dúró ti ṣiṣẹ́ owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta gbangba nìkan ni ohùn Ọnọ́rébù yìí mọ.

Ẹ wò ó nínú ilé. Olórí Ilé á ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, àjà á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí pé rárá. Ìgbà yìí gan-an ni ikọ́ ń gbé Ọnọ́rébù. Ìgbà yìí ló ń wá awò tó wà lójú rẹ̀. Fóònù tí kò dún láti àárọ̀, ìgbà yìí ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí rárá bá tilẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, jẹ́jẹ́ ni, bíi ti abiyamọ tí kò fẹ́ jí ọmọ. Òòlù á dún: bẹ́ẹ̀ ni ló borí! Ọnọ́rébù á mí kanlẹ̀, á sì sáré padà sídìí máíkì.

Òfin Ilé gbà á láyè láti dìde, kí ó ní òun kò gba ìdájọ́ òòlù yẹn, kí wọ́n ka ìbò lórúkọ lórúkọ. Kò ní ṣe é. Ìbò ohùn kò ní ẹlẹ́rìí, ohun tó sì fẹ́ nìyẹn: kí àwọn ará ilé gbà pé ó takò, kí Aso Rock má sì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ojo ni.

Ó kúkú mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń jiyàn lórí fífi ẹ̀rọ gbé èsì ìdìbò ránṣẹ́, Enyinnaya Abaribe, aṣáájú àwọn alátakò, ní kí wọ́n ka ìbò lórúkọ. Àwọn 52 tó fẹ́ fi ìdènà sí i borí àwọn 28 tó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ibi tí kálukú dìbò sí. Ariwo ta. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Ilé kan náà yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2025 ńkọ́? Òfin ilẹ̀ béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin kí ìjọba pàjáwìrì tó lè fìdí múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìbò ohùn ni ilé méjèèjì fi ṣe é. Etí wo ló lè ka ìdá méjì nínú mẹ́ta? Àwọn díẹ̀ takò ó. Ọnọ́rébù ń wá awò rẹ̀.

Rògbòdìyàn òṣèlú ní Rivers yìí náà ni ẹgbẹ́ APC, nígbà tó ṣì jẹ́ alátakò, tìtorí rẹ̀ pàṣẹ fáwọn aṣòfin rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2014 pé kí wọ́n dènà gbogbo àbá ìjọba, títí kan ìṣúná. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2019, Ààrẹ Buhari tó jẹ́ ti APC jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń bínú pé Saraki, olórí Sẹ́nétì, àti Dogara, olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, fi ìṣúná pamọ́ fún oṣù méje, ó ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè wọn kéré. Ọnọ́rébù pàtẹ́wọ́ fún àṣẹ ti 2014, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ìbínú ti 2019.

Ní báyìí, ó ti kọjá sí ẹgbẹ́ ìjọba. Ó ní àwọn èèyàn òun ló ní kí òun lọ. Abala 68 òfin ilẹ̀ ní kí irú rẹ̀ pàdánù ìjókòó, àfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pín, ó sì ti kọ lẹ́tà pé ẹgbẹ́ ti pín. Lọ́jọ́ tí Olórí Ilé kà á, Ọnọ́rébù dìde, ó juwọ́ sí gbogbo kámẹ́rà, ó sì ní kí akọ̀wé rí i dájú pé ó kọ orúkọ òun pé.