Bọ̀ọ̀dá Kọ́ńpìnnì-Wa

Kò sí ẹ̀sítéètì kan láti Ibafo dé Mowe tí kò ní Bọ̀ọ̀dá Kọ́ńpìnnì-Wa tirẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti ń jáde nílé lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà. Ọ̀kadà á gbé e la ẹrẹ̀ kọjá dé Mowe, káàdì ilé-iṣẹ́ á sì ti wà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìkẹjà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún wà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í ní káàdì kó tó débẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kárà, ẹnu rẹ̀ á là. "A ti ń gbèrò àtiwọ Gánà." "Èrè wa lọ sókè lọ́dún tó kọjá." "Àwọn tá a jọ ń du ọjà ò lè sún mọ́ wa mọ́." Ẹni tó bá jókòó tì í á rò pé òun ti bá ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ pàdé, títí kọ̀ńdọ́ á fi béèrè owó, tí ọkùnrin tó ń wọ Gánà á wá máa yọwó igba náírà lára owó ọkọ̀.

Kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ. Láràárọ̀ Mọ́ńdè ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń kó òṣìṣẹ́ jọ, tó máa ń sọ fún wọn pé: "Ilé-iṣẹ́ yìí, tiyín ni. Ẹ má ṣe é bí alágbàṣe, ẹ ṣe é bí ẹni tó ni ín." Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́, wọn á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá nìkan ló gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń fowó ara rẹ̀ ra dátà tó fi ń ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Bí yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá tán, á yọ owó lápò rà á, kò sì ní gbowó padà, torí olówò kì í sin ara rẹ̀ ní gbèsè. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ Mowe sí Berger fò sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí ilé-iṣẹ́ bá àwọn fi díẹ̀ kún owó ìwọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá ò fọwọ́ sí i. Ó ní ẹni tó ni nǹkan kì í ráhùn lé e lórí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Kámpù bá ti dí márosẹ̀ pa, tí gbogbo ọkọ̀ ń ṣépè, ìdí fóònù ni wọ́n á ti bá a, ó ń to àbá bí ilé-iṣẹ́ á ṣe dín ìnáwó kù. Ọ̀kan nínú àwọn àbá náà wọ ọ̀gá létí, wọ́n sì lò ó: wọ́n sọ iṣẹ́ ẹni mẹ́ta di ti ẹni kan ní ẹ̀ka rẹ̀. Òun gan-an ni ẹni kan ọ̀hún. Owó oṣù ẹni kan náà ló sì ń gbà.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò kì í ṣe ẹjọ́ aápọn, torí kò sẹ́ni tó máa pe Bọ̀ọ̀dá ní ọ̀lẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ni òwò máa ń ní nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ pọ̀: ewu àdánù, àṣẹ láti pinnu, àti èrè. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fún Bọ̀ọ̀dá. Bó bá fẹ́ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi kan, kó wo màmá tó ń dín àkàrà níbùdókọ̀ Mowe, tí ọkùnrin yìí máa ń dúró kọ́ ní ẹ̀kọ́ òwò bó ti ń retí ọkọ̀. "Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ máa ronú ńlá o. Ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe é ní kọ́ńpìnnì wa." Màmá á yí àkàrà padà nínú epo, á ní: "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ̀wà ti gbówó lórí, mo ti dín in kù díẹ̀. Mélòó ni kí n dì fún yín?" Gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀wà gbówó lórí lánàá, kó tó di òwúrọ̀ yìí ó ti pinnu ohun tó máa ṣe sí i, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì kọ lẹ́tà. Èrè tó bá kù lálẹ́, abẹ́ aṣọ ìró rẹ̀ ló ń lọ. Bí ara rẹ̀ ò bá yá lọ́la, kò ní wá. Bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àyè kó tó lè ṣàìsàn.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ níní. Ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Kí ló gbé e dé ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà bí kò ṣe pé owó ilé Èkó lé e, tó fẹ́ di onílé? Nígbà tó fẹ́ ra háàfù pílọ́ọ̀tì tó kọ́lé sí, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ onílẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ yín ti dilẹ̀ yín." Bọ̀ọ̀dá ò fọkàn balẹ̀. Ó gba rìsíìtì, ó mú sọ̀feyọ̀ lọ, ó rán èèyàn lọ sí Abẹ́òkúta láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà ò sí lára èyí tí ìjọba ti gbà, ó sì ní kí lọ́yà ka ìwé àdéhùn kó tó san kọ́bọ̀. Títí di òní, bí aládùúgbò bá ní kó wá bá òun rẹ́ ògiri òun lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n jọ máa pe ilé náà ní ilé àwọn, á rò pé orí onítọ̀hún ti dàrú. Ṣùgbọ́n odindi ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi ẹnu lásán fún un ní Ìkẹjà, láìsí rìsíìtì, láìsí sọ́fè, láìsí ẹlẹ́rìí, ó sì gbà á, ó ń rẹ́ ògiri rẹ̀ láràárọ̀.

Àwọn tó mú ẹ̀kọ́ "ẹ ṣe é bí ẹni tó ni ín" wá á ní kì í ṣe àwọn ló dá a sílẹ̀, òótọ́ ni. Ará Amẹ́ríkà kan, Gifford Pinchot, ló gbé e jáde nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1985: pé òṣìṣẹ́ lè ní ẹ̀mí oníṣòwò láìfi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Pinchot ò dúró síbi ẹ̀mí. Ó sọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú, pé kí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ bá mú èrè wá ní owó ìdókòwò kan nínú ilé-iṣẹ́ tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná sórí èrò tuntun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà á fi gba orí òkun dé Ìkẹjà, apá tó kan owó ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀mí nìkan ló gúnlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀mí láìsí ìwé máa ń já sí, kó wo Shuji Nakamura ní Japan. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni ní ilé-iṣẹ́ Nichia. Wọ́n ní kó pa iṣẹ́ tó ń ṣe lórí iná LED aláwọ̀ búlúù tì, kò pa á tì, nígbà tó sì di 1993 ilé-iṣẹ́ náà gbé iná búlúù tó mọ́lẹ̀ kedere sórí àtẹ, èyí tí àwọn yòókù ti ń wá tipẹ́. Lára rẹ̀ ni iná funfun tó wà nínú gílóòbù àti fóònù wa lónìí ti jáde. Ẹgbàá mẹ́wàá yen, 20,000, ni ilé-iṣẹ́ fi ta á lọ́rẹ nítorí ẹ̀tọ́ pàtàkì tí wọ́n gbà lórí iṣẹ́ náà. Owó yẹn ò tó ra aṣọ ìmúròde gidi. Nakamura ò sọ pé iná wa ń tàn káyé. Ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní 2004, ilé-ẹjọ́ kan ní Tokyo ní kí wọ́n san ogún bílíọ̀nù yen fún un. Nígbà tí wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní 2005, mílíọ̀nù 843 ló gbà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Ọwọ́ tiwa níhìn-ín ò sì ṣófo: òfin Patents and Designs Act ti 1970 sọ pé agbanisíṣẹ́ ló ni ohun tuntun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó tún sọ pé bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ìhùmọ̀ ni wọ́n gbà á fún, tàbí tí ohun tó hùmọ̀ bá ṣe pàtàkì kọjá bó ṣe yẹ, owó tó tọ́ tọ́ sí i. Bọ̀ọ̀dá ò gbọ́ nípa òfin yẹn rí. Ìwé tó ń kà ò débẹ̀.

Àwọn baba wa tí a sọ pé wọn ò kàwé ṣètò ọ̀rọ̀ yìí jù báyìí lọ. Ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ dí èlé owó mọ ibi tí iṣẹ́ olówó parí sí lóòjọ́ àti ìgbà tó lè kọjú sí oko ara rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà, ó ń lọ sílé nìyẹn. Kò sí olówó tó pe ìwọ̀fà jókòó sọ fún un pé oko yìí, tìrẹ ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ifọ̀ lónìí mọ ọdún tó máa lò, àwọn òbí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, ó sì mọ ọjọ́ tó máa gba fìrídọ̀ọ̀mù. Láàárín àwọn Ìgbò, ọ̀gá tí ọmọ ọjà bá sìn tán gbọ́dọ̀ fi owó tàbí ọjà dá a sílẹ̀ kó lè dá dúró. Ìjọba pàápàá gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan: òfin ọdún 1977 tó fi ilé-iṣẹ́ òyìnbó sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ní kí wọ́n ya ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíà tí wọ́n bá ń tà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n wọ́gi lé òfin náà. Ó dà bíi pé ìgbà tí ṣíà kúrò nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "tiyín ni" wá ń dùn lẹ́nu ọ̀gá.

Ẹnì kan á ní, ṣé kí òṣìṣẹ́ wá máa yọ̀lẹ ni? Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì jà wọ́n níyàn. Àmọ́ bí èèyàn ṣe máa jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò ní kó san owó ọkọ̀ fún ẹni tó rán an. Iṣẹ́ tó mọ́, ìṣírò tó pé, ọ̀rọ̀ tó dọ́gba, ìwọ̀nyí jẹ́ ti ọmọlúàbí, kò béèrè ẹ̀mí olówò kankan. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa dá tirẹ̀ sílẹ̀. Èyí wúwo, torí àwọn kan wà tó rí bẹ́ẹ̀ fún lóòótọ́. Ohun tí mo máa bi wọ́n ni pé, ọjọ́ wo? Ọmọ télọ̀ mọ ọjọ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Bọ̀ọ̀dá ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣírò owó tó ti mọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹnì kẹta á ní ọ̀gá á rí i, á gbé e ga. Wọ́n gbé e ga lóòótọ́. Lọ́dún tó kọjá wọ́n sọ ọ́ di Manager, wọn ò fi náírà kan kún owó rẹ̀, ó ṣàríyá, ó pa ewúrẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òfin Labour Act tó sọ̀rọ̀ ófátáìmù àti àkókò ìsinmi yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso sílẹ̀. Oyè náà, tí èèyàn ò bá ṣọ́ra fún un, lè jẹ́ ọ̀nà tó dínwó jù lọ láti ní kó má béèrè owó ófátáìmù mọ́.

Ọ̀gá náà ní tirẹ̀ láti sọ, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ó ní òun ló ń ra dísù, òun ló fi ilé dúró ní báńkì, àwọn oṣù kan wà tí òun san owó gbogbo wọn tán kí òun tó rí tòun mú, irú ilé-iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ò sì lè máa pín ṣíà bí ẹní pín mọ́ínmọ́ín. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Ẹni tó fi ilé dúró ni olówò, ìdí nìyẹn tí èrè fi tọ́ sí i. Kó kàn dákẹ́ sísọ pé àwọn mìíràn ló ni ín. Kó san owó oṣù lásìkò, kó san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ọdún 2014 ní kó san sí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ náà á fi ìdá mẹ́jọ tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí gan-an ló fi Bọ̀ọ̀dá hàn jù. Ẹ bi í ní iye tí ilé-iṣẹ́ tà lóṣù tó kọjá, á kà á fún yín dé kọ́bọ̀. Ẹ bi í ní iye tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tirẹ̀, á ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá aláàkàrà tí kò ka ìwé Pinchot ń ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sùn.

Nítorí náà, èmi ò ní kó bọ́ ẹ̀mí oníṣòwò sílẹ̀. Mo ní kò tíì gbé e wọ̀. Ohun tó ní fún títà ni wákàtí rẹ̀ àti orí tó fi ń ṣírò. Oníṣòwò tó bá ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ mọ iye tó ń ná òun: wákàtí tó ń lò lójú márosẹ̀ lójoojúmọ́, dátà, yíǹkì, owó ọkọ̀. Á béèrè iye tí àwọn oníbàárà mìíràn ń san ní Ìkẹjà àti Agbárá, á fi owó lé iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀ fún un, á mú ìwé náà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á sì dákẹ́ kó gbọ́ iye tí wọ́n máa pè é. Ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀gá le. Á ní òun ò mọ ohun tó ṣe Bọ̀ọ̀dá mọ́, pé ọmọ tó dáa tẹ́lẹ̀ ti wá di ọlọ́jà.