Sítúdíò Oníkíréètì Ẹyin

Nígbà tí rédíò rẹdifúṣọ̀n dé Èkó lọ́dún 1935, wáyà kan àti àpótí kan lára ògiri ló ń gbé ìròyìn ayé wọlé. Lónìí, sítúdíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ gbayì ní Ketu gbọ́dọ̀ ní míṣà tó ń po ohùn pọ̀, tí iná rẹ̀ pọ̀ ju ti Kérésìmesì lọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ ìdajì bọ́tìnnì ara rẹ̀, pẹ̀lú kíréètì ẹyin lára ògiri láti àjà délẹ̀. Wọ́n ní kíréètì ń lé ariwo, ó sì ń dáàbò bo àyíká, torí páálí kò ṣòfò. Jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín dúdú lẹ́yìnkùlé kò tíì gbọ́ nípa ààbò yìí. Páálí fúyẹ́, ohun tó wúwo ní í dá ariwo dúró. Kọ́ndọ́ ọkọ̀ èrò tó ń ké “Ojota! Maryland!” ti bá wọn ṣe ètò títí, ó ku kó béèrè owó oṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ páálí ẹyin, ẹ̀yìn ilé ni ariwo ti ń wá o: ẹ ra ilẹ̀kùn tó wúwo àti kọ́tìnì tó nípọn, kẹ́ ẹ dá kíréètì padà fún àwọn ẹlẹ́yin Mile 12.