Epo Tó Ń Pọ̀ Sí I Lójú Ọ̀nà Ìkọ̀lé

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan wa ọkọ̀ láti Ìfisìn-Èkìtì lọ sí Ìkọ̀lé, tí epo inú táńkì rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975. Láyé bàbá, bí 504 bá wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé ló ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tó kàn mí, èéfín ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí odó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣáná sí i, aládùúgbò mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ ṣẹ́ tiwa kù nínú iyán yẹn o."

Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, àbí kí n ra ọkọ̀ mìíràn? Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ká ra Corolla tòkunbọ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo mú ìwé, mo fa ìlà sí àárín. Lápá Corolla, mo kọ iye ọkọ̀, táyà mẹ́rin, bátìrì, àní owó ọṣẹ tí a ó fi máa fọ̀ ọ́. Lápá ọkọ̀ bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ni mo kọ: ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Mi ò bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìkejì: mo dá lọ sí Adó, mo ra ẹ́ńjìnnì Corolla, bẹ́líjíọ̀mù gidi, láìmú mẹkáníìkì dání, kó má baà jèrè lórí mi. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìdó, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí fìlà. "Bàbá, ẹsẹ̀ iwájú ni Corolla fi ń fa ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni 504 fi ń rìn. Ìbú ni eléyìí ń sùn, òòró ni tiyín ń sùn. Ṣé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ ká gbé e sí?" Ẹni tó tà á gbà á padà, ìdajì owó ló dá padà fún mi. A wá ra ti bọ́ọ̀sì Hiace, tó ń sùn lóòró. Ìgbà yẹn ni apá kejì ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kún: owó wẹ́dà tó jó ìjókòó tuntun fún ẹ́ńjìnnì, owó ẹni tó gé ṣáàfùtù, rédíétọ̀ mìíràn, owó àtiyí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé ọkọ̀.

Ìkẹta ló bí ìtàn Ìkọ̀lé. Ìgbéyàwó wà lọ́hùn-ún, riwáyà tó so iná ọkọ̀ náà sì ní kí n fún òun ní ọjọ́ kan sí i kí òun yẹ wáyà wò. Mo ní, "Ọkọ̀ tó dún báyìí, kí lo tún fẹ́ wò lára rẹ̀?" Mo wọ agbádá funfun, a gba Ìdó, a kọjá Ìfàkì. Ọdún 2023 ni, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦200 kọjá ₦480. Epo díẹ̀ ni mo rà, mo wá ń ṣọ́ ọwọ́ géèjì bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kàkà kó máa relẹ̀, òkè ló ń lọ! Nígbà tí à ń wo Ọ̀yẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo ki bàbá mi títí. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé o rí ọkọ̀ tó ń pọn epo fúnra rẹ̀?"

Ó ní, "Mo rí i. Èéfín tó ń jáde níwájú yẹn ńkọ́, ṣé òun náà ló ń pọn?"

Wáyà ooru omi ni wọ́n so mọ́ géèjì epo. Ooru ló ń gòkè, epo ń tán lọ ní tiẹ̀. Bí rédíétọ̀ ṣe ń hó ni táńkì gbẹ. Etí agbádá ni mo fi ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi ìpatà ta sí i, kò tíì fọ̀ mọ́ títí dòní. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa dé ibi ìgbéyàwó, wọ́n ti ń palẹ̀ àwo mọ́.

Lálẹ́, ìyàwó mi mú ìwé yẹn, ó ro apá kejì pọ̀. Owó Corolla pé níbẹ̀, táyà mẹ́rin pé níbẹ̀, ọṣẹ náà wà níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Tèmi ń rìn dáadáa báyìí. Àmọ́ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ẹ kọ gbogbo ìnáwó sí apá méjèèjì ìwé, ẹ mú mẹkáníìkì dání lọ ra ẹ́ńjìnnì. Bí ìyàwó yín bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ bi í léèrè.