Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àga Alàgbà

Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́? Àwọn ọmọ tó ń gbé wúfà gàgàrà sí bùùtù, ìta gbangba ni wọ́n ti ń ya wèrè tiwọn. Ta ló ń retí ìtìjú lọ́wọ́ wọn? Àwọn àgbààgbà ni mo ń wí! Àwọn alàgbà ìjọ! Àwọn Alájì tí tẹ̀súbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn!

Bẹ́ ẹ bá wọ Corolla wọn, rédíò tó bá ọkọ̀ wá ló ṣì jókòó jẹ́ẹ́ síwájú bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ẹ ó rò pé ìwàásù nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Irọ́ ńlá! Riwáyà ti ta wáyà mọ́ ti sípíkà, ó jí ohùn gbé níbẹ̀. Ó tún fa wáyà pupa tó nípọn láti orí bátìrì, ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ́ wọ abẹ́ àga. Kí ló wà níbẹ̀? Wúfà pẹlẹbẹ, ínṣì 8 péré, tó ní ámúpù tirẹ̀ nínú! Bẹ́ẹ̀sì á wá máa lu bàbá olórí ẹbí nídìí, gbì-gbì-gbì, láti Ògólóńtò dé Ìtóìkín. Ha!

Alàgbà kan wà, mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n ní ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bíréèkì lòun fowó ṣe. Bíréèkì! Lálẹ́ ọjọ́ kan ló wọ àdúgbò, fújì ń dún lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, iná iwájú ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí bẹ́ẹ̀sì bá já lulẹ̀. Ìyá ìkókó sáré jáde tọmọtọmọ. Ta ni wọ́n bá nínú ọkọ̀? Ẹni tó gbàdúrà ìparí láàárọ̀! Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó kiwọ́ bọ abẹ́ àga… Ẹ jẹ́ n dákẹ́ síbẹ̀. Rárá, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀: ó ṣì gbóná!

Ẹ̀pẹ́ wá ńkọ́? Wọ́n ní Alájì kan páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja Olúwo, omi inú báfù àwọn ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n!

LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní kí ariwo má ju dẹ́síbẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án níbi táwọn èèyàn ń gbé, 45 lóru. Àwọn alàgbà wa á ní tiwọn kéré. Kékeré wo? Ohùn tínrín, ògiri á dá a dúró. Bẹ́ẹ̀sì kì í kanlẹ̀kùn, inú ògiri ló ń gbà lọ bá ẹni tó ń sùn! Ìkòròdú mọ ohùn tó yẹ kó mi ìlú: bí Orò Magbo bá fẹ́ jáde, obìnrin á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ta ló wá fi alàgbà jẹ Orò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá tún wọ ọkọ̀ àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ mọ́ jù, ẹ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ rọra fi ìka ẹsẹ̀ kan abẹ́ àga wò. Bó bá gbóná, ẹ tètè wá sọ fún mi. Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan.