Wọ́n Ní Ọ̀pẹ Ni Tíṣà Ń Lọ Wò

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ má dárúkọ mi. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Epo ni mò ń tà, àwọn oníbàárà ló ń bá mi sọ̀rọ̀, etí mi ò sì ní ìdérí. Ọ̀rọ̀ Tíṣà agboolé wa ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì wọ mọ́tò. Kí ni wọ́n ń lọ wò? Ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ o! Ní Ìkìrun níbí, tó jẹ́ pé bí ọmọdé bá sọ òkò sí máńgòrò tí kò bá a, ọ̀pẹ ni yóò bà. Kí èèyàn máa sanwó ọkọ̀ lọ wo ohun tó ń yọjú sí i láti ẹ̀yìn ṣáláńgá!

Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, Tíṣà á dé fìlà, wọ́n á ki ìwé kékeré kan àti gègé bọ àpò, ó di gáréèjì. Òní mọ́tò Ìnísà, ọ̀la mọ́tò Òkukù. Wọ́n á dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní bàtà àti èèmọ́ lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò. Ìyá Eléèlùbọ́ ló kọ́kọ́ wí i pé ọ̀pẹ tí ọkùnrin ń fá irùngbọ̀n kó tó lọ wò, ọ̀pẹ yẹn á máa wé gèlè. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn bi ìyàwó wọn, Ìyá Ìbejì, pé ṣé àlàáfíà ni, ṣé wọ́n ní ẹbí ní Òkukù ni. Ìbéèrè lásán.

Ẹbí ní Òkukù! Ta ni ò ní? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yà síbì kan. Nígbà tí ogun Ìlọrin le, àwọn ará Òkukù kó wá sí Ìkìrun níbí, wọ́n sì bá wa gbé fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀yìn ogun Jálumi, ní 1878, ni wọ́n tó rí ọ̀nà padà sílé, nígbà tí odò Ọ̀tìn gbé nínú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá lọ. Odidi ìlú ló ṣe àlejò wa! Ẹ fojú inú wo iye ìyàwó tí wọ́n fẹ́, iye ọmọ tí wọ́n bí, iye gbèsè tí wọ́n jẹ tí wọn ò san. Nítorí náà, bí ọkùnrin Ìkìrun bá ní òun ń lọ Òkukù, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ní ọ̀nà níbẹ̀. Àlàyé tí mo ṣe fún Ìyá Ìbejì nìyẹn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kò balẹ̀.

Òkukù yìí náà ni òyìnbó obìnrin kan, Karin Barber, wá jókòó sí fún ọdún bíi mélòó kan ní àwọn ọdún 1970. Kí ló wá ṣe? Ó wá gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu obìnrin jáde: oríkì, ẹ̀fẹ̀, ìtàn ilé onílé. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tí mo bí lọ. Ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìwé ńlá tó jáde ní 1991, wọ́n sì ń kà á ní yunifásítì kárí ayé. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń pè mí ní olófòófó: ohun tí ẹ fi ń bú mi yìí, òun ni òyìnbó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀pẹ ni mò ń sọ tẹ́lẹ̀, àbí?

Ó ṣẹlẹ̀ pé mo ní epo kan tí mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò níhà Ìnísà, ó sì ṣẹlẹ̀ pé mọ́tò tí Tíṣà wọ̀ lèmi náà wọ̀. A kọjá Ìnísà, a ò tíì dé Òkukù, Tíṣà ní kí wọ́n já àwọn sílẹ̀. Èmi náà sọ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Elépo, ẹ kú ìrìn o. Ẹ máa ká lọ.” Ẹni tó ti mú ọmọ iléèwé tó ń jí ìdáhùn wò títí tó fi fẹ̀yìn tì, ta ló fẹ́ fara pamọ́ fún un?

A gba inú oko ẹ̀gẹ́, a fo àkùrọ̀ kan, a dé oko bàbá arúgbó kan. Igi náà dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ń ya sí ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń rí ọ̀pá ìgbálẹ̀? Tiẹ̀ ò ya. Ewé kan lẹ̀ mọ́ ìkejì láti ìdí dé orí, imọ̀ náà fẹ̀, ó dúró gbagidi, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, wọ́n á máa gbá ara wọn pà, pà, pà. Ọ̀pẹ Ifá ni. Bàbá olóko ní akọpẹ kankan kì í fi igbà kàn án lóko òun, pé bàbá tó bí òun náà kò gbà á láyè.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa èkùrọ́ kan nídìí ọ̀pẹ tiwa-n-tiwa, wọ́n ṣa ìkejì nídìí ọ̀pẹ yìí, wọ́n fi etí bùbá nù wọ́n. “Ìyá Elépo, ojú mélòó ni èkùrọ́ ní?” Mo ní ojú bíi ti báwo? Wọ́n ní kí n wo orí rẹ̀. Òótọ́ ni! Ihò róbótó mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èéhù á sì máa gba inú ọ̀kan jáde bí a bá gbìn ín. Wọ́n gbé ìkejì lé mi lọ́wọ́: ojú mẹ́rin. Ikin nìyẹn, irú èyí tí babaláwo ń kó mẹ́rìndínlógún jọ dá Ifá. Wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, wọ́n ní ohun olóhun ni. Wọ́n wá fa ìwé yọ, wọ́n ń kọ iye imọ̀ tó wà lórí igi. Ọkùnrin kan kì í ka imọ̀ nítorí obìnrin. Mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Eléèlùbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á tán nílẹ̀ jù, mo bá ní kí n ṣì fi pamọ́ ná.

Ojú ọ̀nà àbọ̀ ni ẹnu Tíṣà tú. Wọ́n ní irú àwọn pọ̀ láyé. Pé ní Fúlọ́rídà ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dent Smith dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1956 fún àwọn tí ọ̀pẹ ń pa bí ọtí. Ẹgbẹ́! Àwa ní ẹgbẹ́ elépo, àwọn awakọ̀ ní tiwọn, àwọn wọ̀nyẹn ní ẹgbẹ́ awòpẹ. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń wọkọ̀ òfuurufú lọ inú igbó Madagascar, níbi tí irú ọ̀pẹ tó wà ti pọ̀ ju ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà yòókù lọ. Gbogbo ẹ̀yà ọ̀pẹ láyé lé ní 2,500, a fi àgbọn àti pankẹ́rẹ́ tí Tíṣà fi ń na ọmọ wa kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, pankẹ́rẹ́ bá ọ̀pẹ tan. Ìdí tí oró rẹ̀ fi pọ̀ nìyẹn, ilé ńlá ló ti wá.

Wọ́n ní àwọn lọ sí Èkó nígbà kan nítorí pé Gómìnà Moloney dá ọgbà igi sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní 1887. Wọ́n ń bèèrè ọgbà náà kiri. Àwọn onípákó tí wọ́n bá níbẹ̀ ní ọgbà wo, ṣé pákó ni bàbá fẹ́ rà ni?

Ti Benin ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀bá ìlú Benin ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní NIFOR. Òyìnbó ló dá a sílẹ̀ ní 1939, wọ́n sọ ọ́ di ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1951, ó sì di ti Nàìjíríà nìkan ní 1964. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọkọ ni wọ́n ń wá fún ọ̀pẹ! Ìyá ni wọ́n ń pè ní dúrà, èésan rẹ̀ nípọn, ara tó ń mú epo wá kò tó nǹkan. Bàbá ni pisífẹ́rà. Òun ò ní èésan rárá, ara ni látòkè délẹ̀, àmọ́ bó bá so, ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà dànù kó tó pọ́n. Ẹ̀yin náà mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ẹwà lójú títì. Bí wọ́n bá gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó bàbá yìí sórí òdòdó ìyá, ọmọ tó bá jáde ni tẹ́nẹ́rà: èésan fẹ́lẹ́, epo gidi. Òun ni a ń pè ní ọ̀pẹ àgíríìkì. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù méjì ló tú àṣírí ìdílé náà síta láti Kóńgò ní 1941. Kí ọkọ mìíràn má baà yọjú, àpò ni wọ́n fi ń di orí òdòdó ìyá pinpin títí ìgbéyàwó á fi parí. Mo ní, Tíṣà, èló ni wọ́n ń ta àpò yẹn? Nítorí ọmọbìnrin kan wà ní ojúlé kẹta tó yẹ kí wọ́n tètè rà á fún. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Alárinà kan sì wà tí kò gba owó, kòkòrò dúdú tínńtín tó ń ti ara òdòdó akọ lọ sára abo. Lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é. Ní Màlẹ́síà, kò sí irú ẹ̀. Ẹ̀dá èèyàn ni wọ́n ń sanwó fún láti máa pọ́n lẹ́búlẹ́bú kiri láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn, títí wọ́n fi lọ kó kòkòrò yẹn láti Kamẹrúùnù ní 1981. Ẹ rí bí ìnáwó ṣe ń pọ̀ tó níbi tí kò bá ti sí aláròkiri?

Màlẹ́síà yẹn náà! Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń jókòó ti ẹmu, tí ẹ ń pariwo pé ẹ̀yìn òmìnira ni wọ́n wá gbé ọ̀pẹ wa, ẹ wá gbọ́ ìròyìn tó gbóná. Ọ̀pẹ mẹ́rin péré tí ìran wọn ti Áfíríkà lọ ni wọ́n gbìn sínú ọgbà igi ìlú Bogor, ní Jáfà, ní 1848. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi àwọn ọmọ wọn ṣe lójú ọ̀nà oko tábà ní Sumatra. Ó di 1917 kí Màlẹ́síà tó gbin oko ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti òwò, ní Tennamaram. Baba baba yín gan-an kò tíì mọ ohun tí òmìnira ń jẹ́ nígbà tí àwọn igi mẹ́rin yẹn ń bímọ. Mẹ́rin! Ní agboolé wa, ìyàwó mẹ́rin wọlé lọ́jọ́ kan, ìjà ni wọ́n bí.

Ní ọdún 1848 yẹn náà ni wọ́n kọ́ ilé ọ̀pẹ ọgbà Kew tán ní Lọ́ńdọ̀nù, irin àti gíláàsì láti ìdí dé òrùlé. Ẹnu Ìyá Ìbejì ni mo ti gbọ́ eléyìí, nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ wọn bímọ ní Peckham, àwọn méjèèjì lọ. Òtútù fẹ́ pa Ìyá Ìbejì, Tíṣà ní kí ó dìde káwọn lọ síbi tó móoru. Òun rò pé ilé ìjẹun ni. Wọ́n sanwó lẹ́nu géètì, wọ́n wọnú ilé gíláàsì, ooru bò wọ́n, Tíṣà bọ́ kóòtù, wọ́n bọ́ súẹ́tà, wọ́n dúró nídìí ọ̀pẹ kan tí wọ́n so orúkọ mọ́ lára, omi ń bọ́ lójú wọn. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi sanwó o! Ìyá Ìbejì ní òun wá rò ó pé ó kéré tán, kí òun já imọ̀ díẹ̀, ìgbálẹ̀ ilé ọmọ òun ò dáa. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Bí a bá ti sọ èyí tán, Tíṣà á ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá Eléèlùbọ́ á ní àwọn ti rí abuké náà, òun ló ń ná owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹnu Tíṣà ò sì dákẹ́ lóde. Alhaji kan ń ṣílé lọ́nà Ìbà, ó gbin igi kan síwájú ilé, ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Wọ́n tà á fún un ní ọ̀wọ́n pé ọ̀pẹ arìnrìn-àjò ni. Gbogbo èèyàn ń kí i kú oríire ọ̀pẹ. Àfi Tíṣà! Wọ́n ní Madagascar ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bá tan. Alhaji ò wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i bí ẹran ṣe pẹ́ kó tó dé tábìlì wa, egungun sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí, Seychelles ni. Àwọn erékùṣù ni, láàárín òkun, lọ́hùn-ún tó jìnnà ju Kéńyà lọ. Tíṣà ní ọ̀pẹ kan wà nínú igbó Vallée de Mai níbẹ̀ tí irúgbìn rẹ̀ tóbi ju ti igi mìíràn láyé lọ, ọ̀kan lè wọn kílò 20. UNESCO ti kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ láti 1983. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ rí i kí àwọn tó kú, wọ́n sì mú fóònù jáde láti fi àwòrán èso náà hàn wá. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí ni! Ìdí obìnrin ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ìbàdí, ihò àárín, kò ku ohun kan. Ìyá Eléèlùbọ́ ké “Yéè!” Tíṣà ń ṣàlàyé, wọ́n ń da gíláàsì ojú láàmú, pé sáyẹ́ǹsì ni, pé ìmọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì gba fóònù, ó wò ó dáadáa, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà fún ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “èyí tó wà nílé ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wò ó gbẹ̀yìn?”